Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Kí A Tó San Owó Mọ́tò Tí Ó Ti Pẹ́



Àwọn àgbà a máa wí pé, ẹni tí ó ni ẹrù ni í gbé e níbi tí ó ti wúwo. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò mu gidigidi. Ní Aláúsá, níbi tí Sẹkitéríàtì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà, àti ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Orẹ́gùn, Agídíngbí, Ògbà àti Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni í máa fi owó pamọ́ lóṣooṣù sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, tí wọn a sì yá owó lórí rẹ̀ láti ra mọ́tò nígbà tí àkókò bá tó. Owó tí a ó fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta san padà ni a sì máa ń kà sílẹ̀ láàrin wákàtí kan, nítorí pé ara ọkọ̀ náà ń dán, àti pé ẹni tí ń tà á wí pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbé e kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú ní oṣù kẹta, gbèsè kò ní í bá a kú. Láti inú owó oṣù ni a ó ti máa yọ ọ́, owó ilé ìwé àwọn ọmọ àti owó oúnjẹ ni yóò sì fara gbá a. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí a bá àwọn ará ilé sọ ọ́ ní kíkún lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ lọ ni èyí: kì í ṣe ọjọ́ orí mọ́tò ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀rù, bí kò ṣe ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, àti ohun tí a fi pamọ́ fún wa nípa rẹ̀. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Mọ́tò ọdún 15 tí olówó rẹ̀ tọ́jú lè sàn ju ti ọdún 7 tí omi ti bò mọ́lẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí a ń wò yóò mọ èwo ni ọ̀kan, èwo ni èkejì.

Kí a tó dé orí àyẹ̀wò, ó yẹ kí a rántí bí ọjà yìí ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún kan náà. Ọkọ̀ kékeré Volkswagen tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá kún ojú títì nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbára náírà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ lẹ́yìn ètò ọrọ̀-ajé ti 1986, owó ọkọ̀ tuntun ga ju apá ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, àwọn oníṣòwò sì yíjú sí èyí tí àwọn ará òkè òkun ti lò. Orúkọ tí a ń fún ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi ni a fún un: Tòkunbọ̀. Orúkọ náà bá a mu dáradára, nítorí pé ó ti dàgbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a kò sì mọ ilé tí ó gbé.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gba Kùtọnu wọlé, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2017. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ẹ̀wẹ̀, tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, dọ́là tí ó wà ní nǹkan bí náírà 460 gòkè títí ó fi kọjá 1,400 ní 2024. Ohun tí ó ti inú èyí jáde ni pé àwọn ènìyàn ń di mọ́tò wọn mú pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọ̀pọ̀ tí ìbá sì ra Tòkunbọ̀ ni ó ń ra èyí tí a ti lò nílé níhìn-ín. Ọjà ti dàgbà, ó sì yẹ kí ọgbọ́n tí a fi ń ná an dàgbà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú àyẹ̀wò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni nọ́ńbà ṣáásì, èyí tí wíwò rẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Láti 1981 ni ọkọ̀ tí a ń tà ní Amẹ́ríkà ti ń ru àmì 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀, tí a tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níhà awakọ̀, tí a sì tún lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Àmì kìíní sọ ilẹ̀ tí a ti ṣe é: J ni Jàpáànù, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà. Àmì kẹwàá ni ó sọ ọdún rẹ̀: 1 títí dé 9 dúró fún 2001 títí dé 2009, A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń lọ, ṣùgbọ́n a kì í lo I, O tàbí Q. Bí olùtà bá wí pé ti ọdún 2010 ni, tí a sì bá 8 ní ipò kẹwàá, ọ̀rọ̀ ti tán: ti 2008 ni. Ọkọ̀ tí a ṣe fún àwọn ará Yúróòpù lè má tẹ̀lé ìlànà ti ọdún yìí, nítorí náà kí a wo ìwé rẹ̀. Kí nọ́ńbà ara gíláàsì, ti ẹnu ilẹ̀kùn, àti ti ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù jẹ́ ọ̀kan náà láìsí àyípadà. Bí wọ́n bá ti ha á, tàbí tí wọ́n kàn án mọ́ra ní ọ̀tun, kí a kí olùtà pé ó dàárọ̀, kí a sì máa lọ sílé.

Èkejì ni ara ọkọ̀ náà. Ọ̀dà tuntun kì í ṣe ẹ̀rí ìlera. Ní ọ̀sán gangan ni kí a wò ó, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́, kì í sì ṣe lẹ́yìn òjò, nítorí pé omi a máa jẹ́ kí ọ̀dà tí kò dọ́gba dán bákan náà. Kí a mú irin òòfà kékeré lọ́wọ́, kí a fi asọ tín-ín-rín wé e kí ó má ha ọ̀dà, kí a sì fi kan ara irin kiri: níbi tí kò bá ti lè mọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé panẹbítà ti fi ìdí ibẹ̀ kún. Kí a wo àlàfo tí ó wà láàrin ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, bóyá ó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Kí a ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí a wo orí àwọn nọ́ọ̀tì tí ó di etí iwájú mú, bóyá a ti fi sípánà ha wọ́n.

Níti omi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ju ti ìkọlù lọ. Ìjì Katrina ní 2005, Sandy ní 2012, àti Harvey ní 2017 ri ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ sínú omi ní Amẹ́ríkà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń tà ní gbàǹjo ní owó pọ́ọ́kú. Òjò Èkó tìkára rẹ̀ mọ bí a ti ń bo mọ́tò mọ́lẹ̀. Omi tí ó bá wọ inú wáyà kì í pani lọ́jọ́ kan. A máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, títí iná, títì ilẹ̀kùn àti ẹ́ńjìnnì yóò fi máa ṣe ségesège láìsí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà, kí a fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, kí a wò ó bóyá ìlà ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Kí a gbé táyà àfipamọ́ tí ó wà nínú búùtù kúrò, kí a wo ìdí ihò rẹ̀. Kí a fọwọ́ kan abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kí a wo irin ìdí ìjókòó bóyá ó ti dógùn-ún. Bí òórùn dídùn bá pọ̀ jù nínú ọkọ̀, kí a béèrè òórùn tí a fi í bò.

Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò òwúrọ̀. Kí a bẹ olùtà pé kí ó má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kí a tó dé. Nígbà tí a bá dé, kí a gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, wọ́n ti jí i kí a má baà gbọ́ bí ó ti ń kùn nígbà tí ó bá tutù. Ẹ́ńjìnnì tí ó tutù ni í máa sọ òtítọ́. Kí a ṣí rédíétọ̀ nígbà tí kò tíì gbóná, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣí i nígbà tí ó gbóná lè jó ojú ara rẹ̀. Bí ọ̀rá bá léfòó lórí omi rẹ̀, tàbí tí ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì bá gbé ohun kan jáde tí ó dàbí tíì tí a da mílíìkì sí, omi àti ọ́ìlì ti pàdé níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti pàdé. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti lè jó.

Nígbà tí wọ́n bá tan án, kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn kí ó wo èéfín. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí ó nípọn tí kò sì tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ń sọ pé omi ń wọlé sí ibi tí iná ti ń jó. Èéfín dúdú ń sọ pé epo tí ó ń jó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí sì rọrùn láti tún ṣe ju àwọn méjì ìṣáájú lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun kan wà tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa, tí ó yẹ kí a béèrè. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, wọn a yọ tẹmosítáàtì rẹ̀ sọnù, wọn a sì so wáyà fáànù tààrà kí ó máa yí láìdúró. Tẹmosítáàtì ni ó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tí ó yẹ, èyí tí í máa wà láàrin 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa tutù jù, yóò máa jẹ epo sí i, àìsàn tí ó mú un gbóná yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bí fáànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ní ìṣẹ́jú kan náà tí a tan ọkọ̀ tútù, tí ẹ̀rọ amúlétutù kò sì sí ní títàn, kí a béèrè ohun tí wọ́n ń fi pamọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ojú ọ̀nà. Kí a má ṣe gbà kí a kàn yí i ká inú àgbàlá. Kí a wà á fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ àti níbi tí ọ̀nà ti gun òkè. Ní ti jíà aládàáṣe, kí a kà á láti ìgbà tí a bá fi sí D: bí ó bá tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ó tó di ọ̀nà mú, tàbí tí ó já lójijì bí ẹni tí a fi igi gbá lẹ́yìn, jíà náà ti ń rẹ̀. Ọ́ìlì jíà a máa pọ́n nígbà tí ó bá wà ní tuntun. Bí ó bá ti dúdú tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jó, owó ńlá ń bọ̀ lọ́nà. Kí a pa rédíò, kí a ṣí fèrèsé, kí a sì gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń sọ lórí kòtò.

Bíréèkì ni kí a má ṣe fi ṣeré rárá. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ epo kan ṣubú lórí afárá Ọ̀tẹ̀dọlá, nítòsí Aláúsá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wí pé bíréèkì rẹ̀ ni ó kọ̀. Iná ṣẹ́, ó kéré tán ènìyàn 9 ni ó kú, ọkọ̀ tí ó sì ju 50 lọ ni ó jóná. Ọkọ̀ ńlá ni èyíinì, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó ń ṣe àkóso ti kékeré: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìrìn tí ọkọ̀ yóò rìn láti ìgbà tí bíréèkì bá mú kí ó tó dúró yóò di bí ìlọ́po mẹ́rin. Kí a tẹ bíréèkì níbi tí ọ̀nà ṣófo, kí a wò ó bóyá ọkọ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí ẹsẹ̀ rì sílẹ̀ jù. Kí a sì ka táyà: àmì mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é, tí ó fi jẹ́ pé 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe táyà gbani níyànjú pé kí a má lo táyà kọjá ọdún 10, bí ó ti wù kí ó dára lójú tó.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí àwọn rìwáyà máa ń so mọ́ abẹ́ sítíárì. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 1996 ni ó ní ibi tí a ń so ó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹ̀tàn rẹ̀: a lè fi ẹ̀rọ kan náà pa àkọsílẹ̀ àìsàn rẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí olùrà ń bọ̀. Nítorí náà, kí a sọ fún rìwáyà pé kí ó wo bóyá àwọn ìdánwò inú ọkọ̀ ti parí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa ìwé náà rẹ́ láìpẹ́, tàbí kí wọ́n ti yọ bátìrì. Kí a sì wo dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́: iná tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn, kí ó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò tàn rárá kò sàn ju èyí tí kò kú lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àpò afẹ́fẹ́ tí ń dáàbò bo ojú àti àyà.

Lórí àpò afẹ́fẹ́ yìí, ìkìlọ̀ kan wà tí ó kan ilẹ̀ olóoru bí tiwa. Ilé iṣẹ́ Takata ti Jàpáànù ṣe àwọn kan tí ooru àti ọ̀rinrin ọdún púpọ̀ ń ba èròjà inú wọn jẹ́, tí wọn a fi bú gbàmù, tí irin wẹ́wẹ́ yóò sì fò lu ẹni tí ó yẹ kí wọ́n dáàbò bò. Nǹkan bí 100 mílíọ̀nù irú rẹ̀ ni a pè padà káàkiri ayé, ilé iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè ní 2017. Ní 2016 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe wa àwọn Honda àti Acura kan ti 2001 títí dé 2003 títí a ó fi tún wọn ṣe. Ẹni tí ó bá ní àmì 17 náà lọ́wọ́ lè fi í wádìí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí a tà níbẹ̀.

A ti sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò. Ó kù kí a sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Olùtà ń ta ọjà rẹ̀, a kò sì lè fi ìyẹn dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí a mú lọ ńkọ́? Àṣà kan wà nínú ọjà yìí tí olùtà fi í fún ẹni tí ó mú olùrà wá ní nǹkan nígbà tí ọjà bá tà. Nígbà náà, mẹkáníìkì tí ó bá wí pé ọkọ̀ kò dára ti sọ owó tirẹ̀ nù. A kò wí pé gbogbo wọn ni ó ń ta ojú wọn. Ọ̀pọ̀ olóòótọ́ wà láàrin wọn. Síbẹ̀, ìwà ọgbọ́n ni kí a má ṣe fi òtítọ́ ẹnìkan sí ibi tí yóò ti pa á lára. Kí a san owó iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó kúrò nílé, kí a sì wí fún un kedere pé, “Yálà mo rà á, yálà n kò rà á, owó rẹ nìyí.” Kí a mú ẹni tí olùtà kò mọ̀ rí, kí ó má sì jẹ́ ẹni tí olùtà fi fún wa. Ojú olójú kò sì lè jọ ojú ẹni: kí a dúró tì í, kí a wo ohun tí ó ń wò.

Kí a sì yan irú ọkọ̀ tí agbára wa lè bọ́. Ọkọ̀ olówó ńlá tí ó ti gbó lè dínwó ju Toyota kékeré tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ kò dínwó. Kí a tó rà á, kí a rán ẹnìkan lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin láti béèrè iye owó jíà rẹ̀, ti rédíétọ̀, àti ti ṣọ́ọ̀bù, tuntun àti àlòkù. Bí ìdáhùn náà bá dẹ́rù bani, kí a gbọ́n láti ibẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má ṣe fi gbogbo owó tí a yá ra ọkọ̀. Kí a fi ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ fún ohun tí yóò jẹ yọ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, nítorí pé kò sí mọ́tò àgbà tí kì í béèrè nǹkan.

Ní ìparí, kí bàbá má ṣe dá ra mọ́tò. Kí tọkọtaya jùmọ̀ jókòó kí a tó lọ, kí wọ́n kọ ohun tí wọn kò ní gbà sórí ìwé: nọ́ńbà tí kò bára mu, omi nínú ọ́ìlì, jíà tí ń já, bíréèkì tí ń rì, ìlà ẹrẹ̀ lára bẹ́líìtì. Bí a bá bá ọ̀kan nínú wọn pàdé, kí ìyàwó ní ẹ̀tọ́ láti wí pé, “Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí a máa lọ,” kí ọkọ sì dìde láìjiyàn. Olùtà yóò wí pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbé e. Kí ó gbé e. Mọ́tò kò tán lójú pópó Èkó. Ṣùgbọ́n owó alájẹṣẹ́kù tí a ti ná, a kì í rí i ná lẹ́ẹ̀kejì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.